Ọjọ́ Tí Wọ́n Yin Bíà Lorna

Nígbà tí Clem Bloomer gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìfófòó kúrò ní irunmú, tó sì pariwo pé, "Lorna, bíà yìí dùn o! Ó dùn, ó dùn, ó tún dùn!", ńṣe ni ọkàn Lorna Raybould já. Ó rọra fi aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀ lórí káńtà, ó gba ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹni tí kò bá gbé Gornal, ìlú wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí á ní èwo ni ti ẹkún. Ṣebí yínyìn ni wọ́n yìn ín, wọn kò bú u. Hẹn-ẹn, ẹ ò mọ̀ wọ́n ni! Àwọn ará ibí yìí kì í yin nǹkan. Gbé oúnjẹ tó dùn jù láyé síwájú wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fi búrẹ́dì nu àwo títí àwo á fi máa dán, wọ́n á wá ní, "Kò burú." Ọkọ ìyàwó á wo ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ funfun lọ́jọ́ ìgbéyàwó, á ní, "O ò burú," ìyàwó á sì mọ̀ pé ìfẹ́ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin náà. Ẹni tó kú nìkan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ dídùn nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá wá ń yin ìwọ tí o ṣì wà láàyè, àánú rẹ ló ń ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ ti bàjẹ́ tán nìyẹn.

Nígbà òtútù tó kọjá ni Amos, bàbá Lorna, kú. Òun ló ni Alágbẹ̀dẹ, ilé ọtí kékeré tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, tó ní ilé ìpọntí tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni Amos ti ń pọn ọtí dúdú tí bàbá tirẹ̀ náà ń pọn: bíà onírẹ̀lẹ̀ tí kì í pa èèyàn, tí òṣìṣẹ́ lè mu látọ̀sán kó ṣì mọ ọ̀nà ilé, tó dúdú nítorí ọkà bálì tí wọ́n yan títí tó fi fẹ́ jóná. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ilé ọtí agbègbè yìí ló ń tà á. Báyìí, ẹni tó bá fẹ́ mu ojúlówó rẹ̀, ọ̀dọ̀ Amos ló ń bọ̀.

Amos kò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀ tí ọkùnrin onítáì kan fi dé láti ilé-iṣẹ́ ọlọ́tí ńlá kan. Ó ní àwọn fẹ́ ra Alágbẹ̀dẹ. Wọ́n á wó ilé ìpọntí, ibẹ̀ á di ibi tí mọ́tò á máa dúró sí, bíà pupa rúsúrúsú tó tutù bíi yìnyín ni ọkọ̀ akẹ́rù á sì máa já síbẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun á padà wá gbọ́ èsì nígbà ìrúwé; ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ló bọ́ sí. Lorna wá bá ara rẹ̀ ṣe ìpinnu: bí ọtí dúdú bàbá òun bá jáde lọ́wọ́ òun bó ṣe yẹ kó jáde, òun ò ní tà. Bí kò bá jáde, kí wọ́n máa gbé e lọ, òun ò ní jókòó síbẹ̀ kí òun máa fi omi dúdú ba orúkọ òkú jẹ́.

Kò sọ ìpinnu yìí fún ẹnikẹ́ni àfi Àǹtí Hilda. Hilda Willetts kì í ṣe àǹtí rẹ̀ ní ti ẹ̀jẹ̀, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ìyá náà kú. Obìnrin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kí èèyàn sọ nǹkan fún Hilda kó sì ní òun sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́, kó kúkú gun orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ kéde rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àwọn oníbàárà Alágbẹ̀dẹ ti gbọ́, wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan pé bíà náà ì báà dà bí omi gọ́tà, dídùn ni àwọn á pè é.

Hilda ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé.

"Ọmọ mi, kí ló dé? Wọ́n ń bèèrè ẹ."

"Àǹtí Hilda, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Báwo ni bíà yẹn?"

"Ó dùn."

"Ẹ wò mí lójú kí ẹ tún un sọ."

Hilda wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀, ó wo ìkòkò ẹ̀wà tó wà lórí iná. "Ojú ń dùn mí láti àná ni, mi ò lè wo nǹkan lọ títí," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó dùn. Ó dùn kọjá sísọ."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ níbi ìkómọ mi pé mi ò burẹ́wà jù!"

"O ò sì burẹ́wà jù," ni Hilda wí, ó gbá a mọ́ra, ìyẹn sì tún mú kí ẹkún Lorna le sí i.

Ohun tó ń dun Lorna jù ni pé kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Amos ni gbogbo nǹkan ti tẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Tíì ò yàtọ̀ sí omi gbígbóná, ẹran ò yàtọ̀ sí búrẹ́dì. Nígbà tó tọ́ bíà tirẹ̀ wò, kò gbọ́ adùn kankan, ó sì rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ẹnu ẹlòmíràn ló nílò, ẹnu tí kò mọ àánú. Nínú gbogbo Gornal, ẹnu kan ṣoṣo ló dá a lójú pé kò ní ṣàánú òun.

Gideon Tromans.

Ọ̀rẹ́ Amos ni Gideon nígbà kan, ọ̀rẹ́ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń jẹ́. Àwọn méjèèjì ń sin ẹyẹlé ìdíje, èyí tí wọ́n ń tú sílẹ̀ lókèèrè kó sáré fò wálé, àwọn méjèèjì sì ń bú ẹyẹlé ara wọn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Gideon gbé ife rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì bèèrè lójú gbogbo èèyàn pé, "Amos, ta ló mu èyí kù tí o wá dà á fún mi?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Kò sí èébú tó burú tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ta ọtí dúdú. Láyé àtijọ́, àwọn onílé ọtí olójúkòkòrò máa ń kó àmukù àwọn èèyàn jọ, wọ́n á dà á padà sínú àgbá ọtí dúdú, nítorí pé nínú dúdú, ta ló máa rí i? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi sá fún ọtí náà. Amos, tó ń fọ àgbá rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun! Ó jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ó ní, "Gideon Tromans, jáde kúrò nílé mi!" Gideon dé fìlà, ó jáde. Ọ̀kan ń retí kí ìkejì wá bẹ òun, olórí kunkun sì ni àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Gideon dúró síta ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ òjò, ó sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i kí.

Lorna nu ojú rẹ̀, ó gbé jọ́ọ̀gì, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbi tí àgbá wà. Òtútù ibẹ̀ mú un ní ìka bó ṣe ń fa bíà. Ẹ̀rọ amútutù tuntun ló rà síbẹ̀, ó sì yí i débi tí kò ṣe é yí mọ́. Ó ní ìdí. Nígbà ooru tó ṣáájú ikú Amos, tó ti wà ní ọsíbítù, oòrùn mú gan-an, kò sí ẹni tó ń bojú tó nǹkan nísàlẹ̀, àgbá tí Amos pọn kẹ́yìn sì kan. Lorna fọwọ́ ara rẹ̀ dà á sí gọ́tà. Ó búra pé òun ò tún ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ó fi aṣọ bo jọ́ọ̀gì, ó forí lé òkè.

Ìgbà ìrúwé ti dé, òdòdó ti ń yọ lára igi ọgbà, àwọn ọmọdé ti bọ́ súwẹ́tà. Ṣùgbọ́n èéfín ń jáde láti ojú èéfín ilé Gideon. Ọkùnrin náà ti ń rọ ẹ̀wọ̀n irin nídìí iná láti kékeré, kò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé ilé tí èédú kò jó. Lorna kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Lorna ni, Mísítà Tromans. Lorna ọmọ Amos."

"Amos ti kú."

"Mo mọ̀, sà. Èmi ni mo sin wọ́n."

"Kí lo wá ń wá níbí? Bàbá ẹ lé mi kúrò nílé wọn."

"Wọ́n lé yín kúrò nílé wọn, wọn ò lé mi kúrò nílé yín."

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ṣí, Gideon yọ orí: arúgbó kúkúrú tó ní èjìká màlúù àti ojú ẹni tí gbogbo ayé jẹ ní gbèsè. Ó wo Lorna, ó wo jọ́ọ̀gì. "Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Ọtí dúdú. Èmi ni mo pọn ọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò."

Gideon yà fún un lọ́nà. Inú ilé náà gbóná bí ilé àwọn oníbúrẹ́dì. Apẹ̀rẹ̀ ẹyẹlé ti gba gbogbo orí tábìlì, nítorí náà Gideon gba jọ́ọ̀gì, ó bu díẹ̀ sínú ife, ó sì gbé ìyókù kalẹ̀ sórí òkúta ẹ̀gbẹ́ iná. Ó gbé ife sẹ́nu. Ó fi bíà náà yí ẹnu ká. Ó gbé e mì.

"Kò dùn," ló wí.

"Ẹ tún un sọ?"

"Ṣé etí ẹ di ni? Mo ní kò dùn! Kò dà bí nǹkan kan. Ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò tó jóná."

Lorna bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Mo ní bíà ẹ ò dára, o wá ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé gan-an ni. Láti ìgbà tí mo ti ṣílẹ̀kùn lónìí ni wọ́n ti ń yìn mí."

Ojú Gideon yí padà. "Wọ́n ń yìn ẹ́? Àwọn wo?"

"Clem Bloomer. Àǹtí Hilda. Gbogbo wọn."

"Hilda Willetts yin bíà?"

"Wọ́n ní ó dùn kọjá sísọ."

"Olúwa ò!" Gideon fi ẹsẹ̀ ti àga kan sún mọ́ ọn. "Jókòó, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ le."

Lorna jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọkùnrin onítáì, ọjọ́ Mọ́ńdè, ilé ìpọntí tí wọ́n fẹ́ wó. Gideon ń gbọ́, ó ń fa imú. Nígbà tí Lorna dákẹ́, ó ní, "Tà á. Ilé ẹ ni."

"Ilé bàbá mi ni," ni Lorna dáhùn kíá.

"Hẹn," ni Gideon wí. Ó nawọ́ gbé jọ́ọ̀gì, ó tún bu díẹ̀ sínú ife, bóyá nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

"Mísítà Tromans, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, ṣé lóòótọ́ lẹ rò pé wọ́n ń da àmukù sínú àgbá?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni! Lójú gbogbo èèyàn!"

"Ẹyẹlé rẹ̀ ti na tèmi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ni Gideon fi ìbínú dáhùn. "Òpònú ẹyẹlé tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì! Ó wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n ní kó kú oríire ni?"

"Nítorí ẹyẹlé?"

"Kì í ṣe ẹyẹlé lásán. Ìdíje láti ilẹ̀ Faransé ni!" Ó mu bíà. "Òun náà ò sì bi mí. Ó kàn nawọ́ sílẹ̀kùn bí ọba. Ṣé kò mọ̀ mí ni? Ṣé kò mọ àwàdà mi ni?"

"Ẹ̀yin náà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò padà wá?"

"Ṣé ó pè mí?"

Lorna mi orí. Àwọn bàbá wọ̀nyí, ó sú u! "Ṣé ẹ mọ̀ pé ife yín ṣì wà níbẹ̀?"

"Ife wo?"

"Ife onírin yín. Ó ṣì wà lórí ìṣó tó wà lókè káńtà, níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni Bàbá máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún gbé e kọ́ padà. Mo ní kí wọ́n jù ú nù. Wọ́n ní Gideon ló ya aláìlójútì, ife rẹ̀ ò ṣẹ àwọn."

Gideon bẹ̀rẹ̀, ó mú irin, ó ń da èédú rú títí tí iná fi ń ta pàrà. Kò gbójú sókè. "Èéfín yìí," ló wí, ó nu ojú. Ó bu bíà, ó mu ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹyẹlé Amos ṣe jẹ́ ẹyẹlé ọlẹ tí afẹ́fẹ́ gbé wálé lọ́jọ́ ìdíje yẹn. Lorna ní irọ́ ni, òun wà níbẹ̀, ẹyẹ náà yára ju ẹyẹ rẹ̀ lọ ni. Gideon ní kí ni ọmọdé mọ̀. Lorna ní ọmọdé ní ojú. Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, ara àwọn méjèèjì sì ti yá gágá, àfi ìgbà tí Gideon yí jọ́ọ̀gì dà sórí ife tí nǹkan kan kò jáde.

Ó yọjú wo inú jọ́ọ̀gì. "Ta ló mu ọtí tó wà nínú eléyìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Irọ́ ni. Èmi tí mo ní kò dùn?"

"Ẹ̀yin kan náà ni, sà."

Wọ́n wo ara wọn. Lorna na ọwọ́ kan jọ́ọ̀gì náà. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ọtí díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ ife Gideon. Lorna gba ife náà, ó dà á sẹ́nu.

Ó gbọ́ ọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà òtútù, ẹnu rẹ̀ gbọ́ nǹkan: ṣúgà tó fẹ́ jó nísàlẹ̀ ìkòkò, ọkà yíyan, ìkorò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n, àti òórùn kóòtù bàbá rẹ̀ nígbà tó bá ti ilé ìpọntí wọlé tó ní kí ọmọ òun wá dì mọ́ òun. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Òtútù ni," ló wí. "Òtútù ló pa á. Kò sí nǹkan tó ṣe bíà yìí!"

"Ibo lo tọ́jú rẹ̀ sí?"

"Mo ra ẹ̀rọ amútutù sí yàrá abẹ́ ilẹ̀."

"Ẹ̀rọ amútutù!" Gideon dìde dúró. "Fún ọtí dúdú! Ṣé ẹja lo fẹ́ máa tà ni? Yàrá abẹ́ ilẹ̀ Amos, tí òkúta ibẹ̀ tutù níwọ̀n látìgbà ayé baba ńlá ẹ! Bíà pupa ni wọ́n ń sọ di yìnyín, kẹ́nu lè kú, kéèyàn má mọ ohun tóun ń mu!"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Mísítà Tromans." Lorna kò pariwo. "Èyí tí wọ́n pọn kẹ́yìn kan mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ń kú lọ ní ọsíbítù, mo ń da bíà wọn sí gọ́tà. Mi ò sọ fún wọn."

Gideon jókòó padà. "Ó dáa tí o ò sọ. Ì bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì wá nà ẹ́." Ó fún un ní jọ́ọ̀gì rẹ̀. "Lọ pa ẹ̀rọ ẹ. Jẹ́ kí ọtí sinmi."

Lẹ́nu ọ̀nà, Lorna yíjú padà. "Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé."

"Bàbá ẹ lé mi."

"Bàbá mi ti kú, sà."

"Ìyẹn gan-an ni. Ta ló kù tó máa pè mí padà?" ni Gideon wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lorna sáré sọ̀kalẹ̀ òkè bí ọmọdébìnrin. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó ṣí fèrèsé kékeré tó wà lókè yàrá abẹ́ ilẹ̀, èyí tí Amos máa ń ṣí, ó sì fi aṣọ tútù bo àgbá bí Amos ṣe máa ń fi bò ó tí ooru bá mú. Gbogbo ìgbà ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ fọwọ́ kan án, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ sọ fún Hilda. Ó ti kọ́gbọ́n.

Lọ́sàn-án Sátidé, oòrùn rọra ń wọ fèrèsé Alágbẹ̀dẹ. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín wà nínú àwo, búrẹ́dì roboto tí wọ́n fi wàràkàṣì àti àlùbọ́sà há wà lábẹ́ gíláàsì, àwọn tó ń ta dòmínò sì ti gba ibi wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbogbo wọn ló wá, wọ́n wọ aṣọ dáadáa, ojú wọn sì le koko bí ojú àwọn tó wá kí aláìsàn. Lorna fa ọtí fún wọn.

Clem dìde dúró. Ó dájú pé ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ láti ilé. Ó wú ikọ́, ó gbé ife sókè. "Lorna, ní orúkọ gbogbo wa níbí, mo fẹ́ sọ pé..." Ó mu díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè yá sí i.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo ife. Ó tún gbé e sẹ́nu, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, ó jókòó láì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yíjú sí Hilda, ó ní, "Hilda, ẹ̀wà tí o gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀."

"Ta ló bi ẹ́?" ni Hilda wí. "Ìwọ tó jẹ abọ́ mẹ́ta!"

"Àánú ẹ ló ṣe mí."

"Àánú! Ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń se omi!"

Àwọn oní-dòmínò dá sí i. Ẹnì kan ní iyọ̀ kò pọ̀ jù, ẹlòmíràn ní ẹran ni kò tó, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹ̀wà, ó bọ́ sórí ẹyẹlé, ó kúrò lórí ẹyẹlé, ó bọ́ sórí ẹni tó jí ajílẹ̀ nínú ọgbà ẹni. Ariwo gba gbogbo ilé. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun nípa bíà. Wọ́n kàn ń na ife òfìfo sí Lorna ni láìwò ó, ó ń fa, wọ́n ń gbà, wọ́n ń bú ara wọn lọ. Hilda ti ife tirẹ̀ sún mọ́ ọn lórí káńtà.

"Kò burú," ló wí.

Lorna di ọwọ́ ẹ̀rọ tó fi ń fa ọtí mú gírígírí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dùn ún láyà.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, Gideon Tromans sì wọlé.

Ariwo dá wáí. Gideon dúró lórí ẹní ẹnu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Kò wo ẹnikẹ́ni. Gbogbo ojú kúrò lára rẹ̀, ó lọ sára Lorna, nítorí pé òfin Amos ṣì wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti mú un kúrò. Lorna na ọwọ́ sókè, ó gbé ife onírin kúrò lórí ìṣó, ó nù ún, ó fa ọtí kún un, ó sì gbé e kalẹ̀ sí igun káńtà níbi tí Gideon máa ń dúró sí.

Gideon rìn wá. Ó mu ún. Ó mu ún pẹ́, gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè sódò, gbogbo ilé ń wò ó. Ó gbé ife náà súnmọ́ fèrèsé, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè.

"Lorna Raybould, ta ló mu èyí kù tí o wá dà á fún mi?"

Hilda fi ọwọ́ bo ẹnu. Dòmínò kan bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Lorna ru, ó gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Lójú gbogbo èèyàn! Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀! Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó ti nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Gideon Tromans, jáde kúrò nílé mi!"

Ohùn náà dún nínú òpó ilé bí ó ṣe dún nígbà yẹn. Lorna náà gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ, ọwọ́ tó nà sì dúró sókè.

"Ilé ta?" ni Gideon bèèrè wẹ́rẹ́.

Lorna wo àwọn ògiri, ó wo ìṣó òfìfo, ó wo ọ̀nà tó lọ sí ilé ìpọntí ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ilé mi," ló wí.

"Amos ni," ni Clem wí. "Amos ló sọ̀rọ̀ yẹn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì, Hilda ń sunkún, ó ń fi fìlà Clem nu ojú.

"Ọkùnrin onítáì ńkọ́?" ni Hilda bèèrè nígbà tó rí èémí mí.

"Kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Á mu ọtí dúdú, á sanwó, á máa lọ."

Gideon ti dé fìlà rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan. "Wọ́n ti lé mi, mo gbọ́," ló wí. "Mi ò ń jà. Ṣùgbọ́n wọn kì í lé èèyàn kó má mu ti ọwọ́ rẹ̀ tán." Ó yọjú wo inú ife. Ó ti ṣófo. Ó tì í sún mọ́ Lorna lórí káńtà. "Ó yá, fi kún un."